Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Tó Pa El Fasher

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí a ṣe máa ń pa òwe yìí láwùjọ wa, ìbáwí ló máa ń jẹ́. Onílé tó ti fún ayálégbé ní ìwé kó-o-kó-jáde láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn a fi í dá ara rẹ̀ láre. Olùkọ́ a fi í bá akẹ́kọ̀ọ́ tó pa ìwé tì títí ìdánwò fi dé wí. Ohun tí à ń wí ni pé a ti kìlọ̀. Bí ìyà bá wá jẹ ẹni tí a kìlọ̀ fún, àfọwọ́fà ni. Mo fẹ́ kí a gbé òwe náà dé ìlú kan ní ìwọ̀ oòrùn Sùdáànì, kí a wò ó bóyá ọrùn ẹni tí à ń dì í rù tẹ́lẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀bi wà.

El Fasher ni ìlú náà ń jẹ́, olú ìlú Àríwá Darfur. Lẹ́yìn ìsàgatì tó lé ní ọjọ́ 500, àwọn ọmọ ogun Rapid Support Forces, tí gbogbo ayé ń pè ní RSF, já wọ bárékè Ẹ̀ka Kẹfà ti àwọn sójà ìjọba ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹwàá, ọdún 2025. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gágun Abdel Fattah al-Burhan tó ń darí ìjọba jáde sọ̀rọ̀, ó ní àwọn ọmọ ogun òun ti kúrò nílùú. Àwọn aráàlú ńkọ́? Kí ìlú tó ṣubú, UNICEF ti sọ pé nǹkan bí 260,000 èèyàn ló há sínú rẹ̀, àti pé ìdajì wọn jẹ́ ọmọdé.

Kò sí ẹni tó mọ bí ilẹ̀ Darfur ṣe rí tí kò mọ̀ pé ọjọ́ náà ń bọ̀. Darfur fẹ̀ ju ìdajì Nàìjíríà lọ díẹ̀, ìpínlẹ̀ márùn-ún ló sì pín sí. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Khartoum ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹrin 2023, láàárín al-Burhan àti Mohamed Hamdan Dagalo, ọ̀gá RSF tí wọ́n ń pè ní Hemedti. Ogun náà kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tí mẹ́rin nínú olú ìlú márààrún fi bọ́ sọ́wọ́ RSF: Nyala, Zalingei, El Geneina àti Ed Daein. Nyala ṣubú ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹwàá 2023, ọdún méjì géérégé ṣáájú El Fasher. El Fasher nìkan ló wá kù. Pápá ọkọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀. Ọ̀nà Libya, ọ̀nà Chad àti ọ̀nà Kordofan pàdé níbẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ibi ìkẹyìn tí ìjọba ti lè sọ pé apá òun ṣì ká Darfur. Nígbà tí àwọn sójà wá gba Khartoum padà ní Oṣù Kẹta 2025, ó hàn sí ojú gbogbo pé ìwọ̀ oòrùn ni RSF máa kó agbára rẹ̀ lọ. Ní Oṣù Keje ọdún náà, àwọn àti àwọn tó gbè sẹ́yìn wọn kéde ìjọba tiwọn lọ́tọ̀. Ìjọba tó fẹ́ ní Darfur kò lè fi El Fasher sílẹ̀.

Àwọn ará El Fasher mọ̀ ju èyí lọ, nítorí wọ́n mọ irú ẹni tó ń bọ̀. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ìlú yìí gan-an ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọlù ní ọjọ́ 25 Oṣù Kẹrin 2003. Ìjọba Omar al-Bashir fi ìbínú kó ìbọn fún àwọn agẹṣinjagun àti àwọn tó ń gun ràkúnmí jagun, àwọn Janjaweed, pé kí wọ́n lọ ba abúlé àwọn Fur, Zaghawa àti Masalit jẹ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fojú bù ú pé 300,000 èèyàn ló ti ibẹ̀ kú. Lára àwọn Janjaweed wọ̀nyí ni ìjọba ti kó RSF jọ ní 2013. Ní 2023, RSF àti àwọn alájọjà wọn wọ El Geneina. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí fún Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ìṣirò hàn pé 10,000 sí 15,000 èèyàn ló ṣeé ṣe kó kú sí ìlú yẹn lọ́dún kan ṣoṣo, tí púpọ̀ wọn jẹ́ Masalit. Ta ni ará El Fasher tí kò gbọ́?

Arọ náà sì gbọ́n. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 2023, àwọn àgbààgbà ìlú El Fasher kò jókòó máa wòran. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn sójà, wọ́n lọ sọ́dọ̀ RSF, wọ́n parí ìjà láàárín wọn nínú ìlú náà, tí oníkálùkù dúró sí apá ibi tirẹ̀. Àdéhùn yìí mú kí ìlú náà ní ìsinmi fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà tí ibòmíràn ń jó. Ìdí nìyí tí àwọn tí ogun lé ní Nyala àti ní àwọn abúlé káàkiri fi gba El Fasher lọ. Wọ́n yan ibi tó tura jù nínú gbogbo ilẹ̀ wọn. Ní Oṣù Kọkànlá 2023, àwọn ẹgbẹ́ ológun Darfur tí Minni Minnawi àti Gibril Ibrahim jẹ́ olórí fún kéde pé àwọn ti wà lẹ́yìn sójà ìjọba. Láti ìgbà yẹn ni àdéhùn àwọn àgbà ti ń mì. Ní Oṣù Kẹrin 2024 àwọn abúlé ìwọ̀ oòrùn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, nígbà tó sì fi di ọjọ́ 10 Oṣù Karùn-ún, ìbọn ti ń dún nínú ìlú.

Àgbọ́tẹ́lẹ̀ wá pọ̀ bí òjò. Kí Oṣù Kẹrin 2024 tó parí, aṣojú Amẹ́ríkà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti dìde sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé ìpakúpa ńlá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní El Fasher. Ní ọjọ́ 13 Oṣù Kẹfà, Ìgbìmọ̀ Ààbò ṣe Ìpinnu 2736: kí RSF dá ìsàgatì dúró. Orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá ló fọwọ́ sí i. Rọ́ṣíà nìkan ni kò dá sí i. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Yale ń fi àwòrán sátẹ́láìtì tọpa ogun náà láti òkè, wọ́n sì ń kéde ohun tí wọ́n rí. Ní ọjọ́ kejì Oṣù Kẹwàá 2025, ó ku ọjọ́ 24 kí ìlú ṣubú, Volker Türk, ọ̀gá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tún kìlọ̀ pé wọ́n máa pa àwọn èèyàn nítorí ẹ̀yà wọn. Mi ò mọ ogun mìíràn láyé òde òní tí a sọ tẹ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi pa wọ́n?

Ìdáhùn wà lórí ilẹ̀ yíká ìlú náà. Láti Oṣù Karùn-ún 2025, RSF bẹ̀rẹ̀ sí í fi katakata kó iyẹ̀pẹ̀ jọ, wọ́n fi mọ òkìtì gíga yí El Fasher ká. Nígbà tí iṣẹ́ náà fi máa parí, ó ti gùn ju kìlómítà 50 lọ. Àwa ọmọ Yorùbá mọ odi dáadáa. Àwọn baba ńlá wa mọ odi kí ọ̀tá má bàa wọlé. Odi El Fasher, ọ̀tá ló mọ ọ́, kí onílé má bàa jáde. Ẹni tó bá gbìyànjú láti gùn ún kọjá lóru, ìbọn ń dúró dè é. Ẹni tí wọ́n bá mú láàyè, àwọn ẹbí rẹ̀ á máa wá owó ìtúsílẹ̀. Oúnjẹ kò wọlé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ambaz, ìyẹn pàǹtí ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ jáde, èyí tí màlúù àti àgùntàn ń jẹ. Ní Zamzam, ibùdó àwọn ogúnléndé tó wà ní gúúsù ìlú, wọ́n ti fìdí ìyàn múlẹ̀ láti Oṣù Kẹjọ 2024. Ní Oṣù Kẹrin 2025 RSF wọ ibùdó náà, wọ́n pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, àwọn tó kù tú ká, púpọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn dé Tawila tó jìnnà tó nǹkan bí kìlómítà 60. Ní Oṣù Kẹsàn-án, drone ju bọ́ǹbù sí mọ́ṣáláṣí kan nígbà ìrun àárọ̀, ó pa èèyàn tó lé ní 70.

Ebi tí wọ́n fi ṣe ohun ìjà yìí kò ṣàjèjì sí ìtàn tiwa. Nígbà tí Ìbàdàn sàga ti Ìjàyè láti 1860 títí ìlú náà fi tú ní 1862, ebi ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kí ìbọn tó ṣe ìyókù. Mo rántí èyí nítorí pé irú ìgbà yẹn, tí alamí ń sáré wọ̀lú wá wí pé ogun ń bọ̀, ni òwe wa ti ní ìtumọ̀ rẹ̀ ní kíkún. Ẹ jẹ́ ká ro bó ṣe rí. Ìròyìn dé. Àwọn tó lẹ́sẹ̀ dìde. Arọ kò lè dìde. Kí ni ọgbọ́n rẹ̀ fẹ́ ṣe fún un? Ohun tí ọgbọ́n lè ṣe ni kó tètè ké sí ẹni tó lẹ́sẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n gbé e pọ̀n. Kò sí arọ tó fi ọgbọ́n nìkan sá ogun rí. Ẹ̀yìn ẹnì kan ló wà lórí rẹ̀, ọ̀nà kan ló sì gbà kọjá. Òwe náà kò dárúkọ ẹni tó pọ̀n ọ́n, nítorí lójú àwọn tó kọ́kọ́ pa á, kò ṣeé gbọ́ sétí pé agboolé kan á gbọ́ ìró ogun kí wọ́n fi arọ ilé wọn sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé a ti ń lo òwe yìí lódìkejì. A fi ń na ẹni tó jókòó, a sì fi ẹni tó lẹ́sẹ̀ sílẹ̀. Bí arọ bá gbọ́n, tó ké, tí ogun sì tún pa á, àwọn tó gbọ́ igbe rẹ̀ ni òwe náà ń bá wí.

Àwọn tó lẹ́sẹ̀ ní El Fasher kò sì ṣòro láti tọ́ka sí. Ìlú yìí ni olú ibùdó UNAMID tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ogun àlàáfíà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà jọ rán sí Darfur. Ọmọ Nàìjíríà, Ọ̀gágun Martin Luther Agwai, ni ọ̀gá ológun wọn àkọ́kọ́. Kí UNAMID tó dé pàápàá, àwọn sójà Nàìjíríà ti wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọlu ibùdó Haskanita ní Oṣù Kẹsàn-án 2007, ọmọ wa wà lára àwọn tó kú. Abuja ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà Darfur ní Oṣù Karùn-ún 2006, nígbà ayé ìjọba Ọbásanjọ́, Minni Minnawi yìí kan náà ló sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá 2020, iṣẹ́ UNAMID parí, wọ́n palẹ̀ mọ́. Ẹni tó gbé arọ pọ̀n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní ó dàbọ̀.

Àwọn kan tún wà tó ń fi ọwọ́ kan ṣọ̀fọ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ kejì ta ìbọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àwọn onímọ̀ Ìgbìmọ̀ Ààbò kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan orílẹ̀-èdè United Arab Emirates, pé ó ń kó ohun ìjà fún RSF gba ilẹ̀ Chad, ṣeé gbà gbọ́. Orílẹ̀-èdè náà sẹ́ kanlẹ̀. Sùdáànì gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé, àmọ́ ní Oṣù Karùn-ún 2025 ilé ẹjọ́ ní òun kò ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ọwọ́ àwọn sójà ìjọba náà kò mọ́. Ní Oṣù Kejìlá 2024 bọ́ǹbù wọn bọ́ sí ọjà Kabkabiya ní Àríwá Darfur lọ́jọ́ ọjà, àwọn agbẹjọ́rò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn níbẹ̀ sì ní ó pa èèyàn tó ju 100 lọ. Mi ò ní ẹgbẹ́ kankan tí mò ń gbè nínú al-Burhan àti Hemedti. Àwọn méjèèjì ló jọ gba ìjọba lọ́wọ́ aráàlú ní Oṣù Kẹwàá 2021 kí wọ́n tó kọjú ìjà síra wọn.

Nígbà tí El Fasher ṣubú, àwọn ọmọ ogun RSF fúnra wọn ló fi fóònù ya bí wọ́n ṣe ń yìnbọn pa àwọn tí kò di ohun ìjà mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìròyìn tó tẹ òun lọ́wọ́ ni pé wọ́n pa èèyàn tó lé ní 460, àwọn aláìsàn àti àwọn tó ń tọ́jú wọn, ní Ilé Ìwòsàn Saudi, ilé ìwòsàn àwọn aláboyún tó jẹ́ ìkẹyìn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nílùú. Aláìsàn lórí ibùsùn: arọ wo ló tún kù tí òwe lè máa sọ fún pé kó gbọ́n?

Àgbọ́tẹ́lẹ̀ mìíràn ti tún dé. Ní Oṣù Kejìlá 2025, RSF gba Babanusa, wọ́n gba Heglig níbi tí epo rọ̀bì wà, wọ́n sì kọjú sí àárín Kordofan, níbi tí ìlú El Obeid wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ogun lé ló wà ní El Obeid. Türk tún ti ké, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí Kordofan di El Fasher kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aṣojú ní Abuja, ẹ pè wọ́n, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀yin olórí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tí ọ̀rọ̀ yín ń dé etí ìjọba, ẹ sọ ọ́ lórí pèpéle. Nàìjíríà ní ohùn ní Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, ó ti fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ sanwó ní Darfur rí, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n dí ojú ọ̀nà tí ìbọn ń gbà wọlé, kí wọ́n sì ṣí ọ̀nà tí aráàlú yóò gbà jáde kúrò ní El Obeid kí ẹnikẹ́ni tó mọ òkìtì yí i ká. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí, nígbà tí ọ̀nà ṣì wà.