Dráyà Tí Ó Kú Sílé Ọ̀mọ̀wé

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ wa,

Ní ìpàdé tí ó kọjá, a mú àbá wá pé kí Ẹgbẹ́ ra tábìlì iṣẹ́ kan pẹ̀lú irinṣẹ́ díẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kí àwọn tí yóò máa kọ́ ọmọ wa lọ́la lè mọ bí a ti ń tú ẹ̀rọ inú ilé, tí a sì ń tún un ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí a ń bọ̀wọ̀ fún dìde, ó ní ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni a fi ń romú, pé iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, a sì sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Àwa kò pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè kí a fèsì nínú ìwé yìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó yẹ àgbà.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà fò lókè bí ẹyẹ, ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo: ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ, èyí tí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ń pè ní dráyà. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, oòrùn ni dráyà àwọn baba wa, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ní okùn àti àgbàlá kò nílò òmíràn, àwa pàápàá kò sì ní in nílé. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ti ń tọ́ ọmọ, bí dráyà bá kú ní oṣù kìíní ọdún, ìlédìí ọmọ ìkókó di ìyọnu.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní ìgbà òtútù kan tí a lọ wo ọmọ wa obìnrin tí ó bímọ ní Amẹ́ríkà, dráyà ilé rẹ̀ ń yí, ó sì ń kùn bí oyin, ṣùgbọ́n bí aṣọ ti tutù wọlé ni ó ń tutù jáde. Àna wa, ẹni tí oyè yunifásítì rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, gbé tẹlifóònù, ó pe àwọn alátùnṣe. Wọ́n ní dọ́là 90 ni owó wíwò nìkan, kí ọwọ́ wọn tó kan ohunkóhun, àti pé ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kí àyè tó yọ. A bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Kí ni ń bẹ nínú àpótí yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, n kò mọ̀." Ọdún mẹ́fà ni àpótí náà ti wà nínú ilé rẹ̀.

Kí ni ń bẹ nínú rẹ̀ ní tòótọ́? Àgbá irin kan tí bẹ́líìtì ń yí. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń fa bẹ́líìtì náà, tí ó sì ń yí abẹ̀bẹ̀. Wáyà kan tí a ká lọ́lọ́, tí ń pọ́n bí iná mànàmáná bá gba inú rẹ̀ kọjá. Asẹ́ tí ń mú òwú wẹ́wẹ́ tí ó ń bọ́ lára aṣọ. Páìpù tí afẹ́fẹ́ gbígbóná fi ń gbé omi aṣọ náà lọ síta. Àti àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké tí ń ṣọ́ ooru, tí wọn a sì gé iná nígbà tí ooru bá kọjá ààlà. Ó tán. Kò sí àǹjọ̀nú níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí bí ìyá rẹ̀ ti ń fi ooru ààrò gbẹ ẹja ti mọ ìdajì rẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ wò ni bíréékà. Ní Amẹ́ríkà, wáyà méjì tí iná wà nínú wọn ni ó ń lọ sí dráyà. Fólítì 120 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, fólítì 240 sì ni láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì ń jẹ láti ara ọ̀kan, wáyà oníooru sì ń jẹ láti ara méjèèjì. Nítorí náà bí èyí tí ẹ́ńjìnnì kò lò bá gé, àgbá a máa yí, ṣùgbọ́n ooru kò ní sí. Kì í ṣe èyí ni ó ṣe tiwa. A fa púlọ́ọ̀gì yọ, a sún ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri, a tú páìpù ẹ̀yìn rẹ̀: òwú wẹ́wẹ́ ti dí i pa, ó le bí ìtẹ́ ẹyẹ. Afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà jáde, ooru padà sórí ara rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tí ó wà lára ilé wáyà oníooru sì gé iná gẹ́gẹ́ bí a ti rán an, ó sì kú sẹ́nu iṣẹ́. A fi sukudiráfà ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, a fi mítà kan ẹ̀ṣọ́ náà ní etí méjèèjì. Mítà kò dún. A ra òmíràn tí iye rẹ̀ kò tó dọ́là 30, a fọ páìpù mọ́ tónítóní, a dá ohun gbogbo padà. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni, àti ìgbà tí a fi ń wá skúrù tí ó bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, òwe ìka àti imú dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìka ara ẹni ni a fi ń romú. A kì í fi dọ́là 90 yá ìka ẹlòmíràn.

A kò sọ èyí láti fi yangàn, nítorí kì í ṣe ilé-ìwé ni ó kọ́ wa. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, àwa wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ wọ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba ní a ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa, inú àpótí pákó ni àwọn ẹ̀rọ náà wà títí a fi jáde. Kò sí iná, kò sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Orí àwọn àpótí náà ni a ń jókòó sí nígbà tí olùkọ́ wa ń pe ìtumọ̀ "ẹ̀rọ" fún wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí àwa sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Alátùnṣe rédíò kan ní ẹ̀gbẹ́ ilé baba wa ni ó fi mítà lé wa lọ́wọ́ ní ìgbà ìsinmi. Kò lè ka ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ó lè ka mítà, ó sì fi sùúrù kọ́ wa ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó ń gba owó oṣù lọ. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń tì wá nígbà tí a bá gbọ́ tí ọ̀mọ̀wé ń fi "ọmọ iṣẹ́" ṣe èébú.

Àwọn kan wí pé ewu wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ewu wà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀ràn iná ṣe ìṣirò pé láàárín 2008 àti 2010, dráyà dá iná sílẹ̀ nínú ilé ní bí ìgbà 2,900 lọ́dọọdún, tí bí ènìyàn 5 ń kú, tí 100 sì ń fara pa. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n rí pé ó ń fà á jùlọ? Àìfọ̀ ọ́ mọ́ ni: ó kó 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ rí ni iná ń jó jùlọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú, ní oṣù kẹjọ 2016, dráyà kan dá iná sílẹ̀ nínú ilé alájà 18 ní Shepherd's Bush. Láti 2015 ni àwọn tí ó ṣe irú ẹ̀rọ náà ti kéde pé òwú wẹ́wẹ́ lè kan wáyà oníooru rẹ̀. Ó di 2019 kí ìjọba tó mú kí wọ́n kó àwọn tí ó kù padà. Ilé àwọn tí ó ṣe é ni àléébù náà ti wá, ọwọ́ ọmọ onílé kankan kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń gbé irú ilé alájà gíga bẹ́ẹ̀ ní ìlú náà. Ṣé kí wọ́n má mọ ohun tí òwú àti ooru ń bá ara wọn sọ lẹ́yìn ògiri ibi tí ọmọ ń sùn?

Bí a bá sọ pé kí ènìyàn tú ẹ̀rọ, a kò sọ pé kí ó ya wèrè. Kí púlọ́ọ̀gì kọ́kọ́ kúrò lára ògiri. Dráyà tí ń fi gáàsì ṣiṣẹ́, kí onílé fọ asẹ́ àti páìpù afẹ́fẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi páìpù gáàsì sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ẹ̀ṣọ́ ooru bá kú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wáyà so etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́. A ti rí àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní alátùnṣe tí wọ́n ń ṣe èyí, tí wọ́n sì ń gba owó lórí rẹ̀: wọ́n pa ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé, wọ́n wá ní ilé ti dákẹ́. Ta ni yóò sì mú wọn, bí kò ṣe onílé tí ó mọ ibi tí ọdẹ rẹ̀ ń jókòó? Nítorí náà ni a kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ní ẹ̀kọ́ yìí yóò gba oúnjẹ lẹ́nu oníṣẹ́ ọwọ́. Oníṣẹ́ gidi fẹ́ràn oníbàárà tí ó mọ nǹkan. Arẹ́nijẹ ni ó ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyì ni ó kù, òun gan-an sì ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ta ni ó kọ́ wa pé ọwọ́ tí ó ti mú kálàmù kò gbọdọ̀ mú òòlù mọ́? Kì í ṣe àwọn baba wa, tí wọ́n ń bu ọlá fún ilé àgbẹ̀dẹ títí a fi ń búra níbẹ̀. Kì í ṣe Pọ́ọ̀lù, àpọ́sítélì tí ó mọ ìwé tí ó sì ń pa àgọ́. Nígbà tí Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, àlùfáà ni Henry Townsend tí ó dá a sílẹ̀, síbẹ̀ ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ọwọ́ tí yíǹkì bà jẹ́ ni ó to ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé kà.

Ó sì yà wá lẹ́nu pé àwọn òyìnbó tí à ń fara wé ti yí padà lẹ́yìn wa. Wọ́n rí i pé àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àti ìwé àlàyé rẹ̀ pamọ́, kí olówó lè máa ra tuntun, wọ́n sì gbé ọ̀ràn náà lọ sílé aṣòfin. Ní California, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024, òfin ti de àwọn tí ó ń ṣe irú ẹ̀rọ ilé wọ̀nyí pé kí wọ́n jẹ́ kí onílé rí ẹ̀yà, irinṣẹ́ àti ìwé àlàyé gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Ìparapọ̀ Yúróòpù ṣe òfin ẹ̀tọ́ àtúnṣe tiwọn, dráyà sì wà lára àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n dárúkọ. Ọmọ òyìnbó ń jà kí a má ṣe dí òun lọ́wọ́ láti tú ẹ̀rọ tirẹ̀. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò dí lọ́wọ́, a dí ara wa lọ́wọ́, a sì pè é ní ipò.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tábìlì kan, mítà mẹ́rin, sukudiráfà àti sípánà, àti àwọn ẹ̀rọ tí ó ti kú sílé ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ fúnra yín, ni gbogbo ohun tí a bèèrè. Bí àwọn olùkọ́ bá kọ́ ọ, wọn yóò lè fi Yorùbá ṣe àlàyé rẹ̀ fún ọmọdé, nítorí kò tíì sí ìwé iṣẹ́ mítà lédè wa lórí tábìlì olùkọ́ kankan tí a mọ̀.

Ní ti àgbà tí ó tako àbá wa, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹ̀rín sọ ìtàn yìí fún wa nígbà tí a lọ kí i ní Ọdún Àjíǹde, a kò tú àṣírí. Dráyà kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Ọjọ́ tí wọ́n tan án ni ó kú, pẹ̀lú èéfín, àpò ìrẹsì ni ó sì ń gbé lórí báyìí. Wọ́n ní ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kò dára. Àwa rò pé ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀: ẹ́ńjìnnì tí a ṣe fún fólítì 120 ni ó dà bí ẹni pé wọ́n fún ní 240 ilẹ̀ wa. Bàbá, a dọ̀bálẹ̀. Bí ẹ bá gbà wá láyè, a ó wá ní Sátidé tí ó ṣáájú ìpàdé tí ń bọ̀, pẹ̀lú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ méjì àti mítà wa. A kò ṣèlérí pé yóò jí, ṣùgbọ́n kí a tó jáde nílé yín, ẹ ó mọ ohun tí ó pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé àpò ìrẹsì náà kúrò.