Ẹ Jẹ́ Ká Lọ Ka Ilé

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ẹ́sítéètì Adéwọlé, Kúléǹdè, Ọlọ́jẹ àti Mandate, àti ẹ̀yin tí owó ilé Tánkẹ̀ ń lé kiri, mo ní ìbéèrè kan. Bí ìjọba bá sọ lórí rédíò pé òun kọ́ igba ilé, ta ló lọ kà wọ́n?

Kì í ṣe ìjọba kan ni mò ń bá wí. Nínú ètò ìdàgbàsókè ọdún 1975 sí 1980, ìjọba àpapọ̀ pinnu láti kọ́ 202,000 ilé káàkiri Nàìjíríà. Èyí tó parí kò tó 30,000. Ológun ṣe tiẹ̀, alágbádá ṣe tiẹ̀, ìwé iṣẹ́ kọngilá kì í sì í tán nínú fáìlì. Iye ilé tó dúró nílẹ̀ gan-an ló máa ń ṣòro láti sọ.

Iṣẹ́ ọ̀dítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ ni láti tú u wò. Abala 125 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 ní kó gbé àbọ̀ rẹ̀ lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láàárín 90 ọjọ́ tó bá ti gba ìṣirò owó ọdún lọ́wọ́ akáúńtáǹtì àgbà, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó ìlú sì jókòó lé e lórí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ni ọ̀dítọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ jù. Bí rìsíìtì bá sọ pé wọ́n ti la gọ́tà, gọ́tà ti wà nìyẹn. Ìyá oníwàrà tó ń jókòó sẹ́nu géètì ló mọ̀ pé ibẹ̀ ni àgbàrá ti ń wọ inú igbá òun lọ́dọọdún.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká lọ ka ilé. Kí ẹgbẹ́ onílé àti àwọn ayálégbé ẹ́sítéètì kọ̀ọ̀kan mú ìwé àti bírò, kí wọ́n rìn láti òpópónà dé òpópónà: ilé mélòó ló parí, mélòó ni igbó ti bò mọ́lẹ̀, èwo ló ti di ṣọ́ọ̀bù? Ẹ ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilé, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n ná, iye tí wọ́n ta ilé kọ̀ọ̀kan, àti bí wọ́n ṣe pín alokéṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ alokéṣọ̀n yìí ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ jù. Ilé tí wọ́n bá ní ti mẹ̀kúnnù ni, kò yẹ kí ẹnìkan ní mẹ́rin níbẹ̀.

Lẹ́tà náà kò gba lọ́yà. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì, kò sì sí ohun tó ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ àwọn, àfi ìgbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó dé gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ ENetSuD tó wà nílùú wa níbí mọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kọ. Ẹ lọ bá wọn.

Ohun tí a bá kà, ká gbé e fún aṣòfin àdúgbò wa. Àwọn 24 péré ni wọ́n ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Kwara, wọn ò pọ̀ jù fún wa láti dá mọ̀ lójú. Ká sì béèrè ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ owó ìlú máa jókòó, ká kún ibẹ̀ fọ́fọ́, láìpariwo, láìbú ẹnikẹ́ni.

Sátidé tó ń bọ̀, Kúléǹdè ni èmi máa ti bẹ̀rẹ̀, aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ mú omi dání.