Ọpọ́n Ayò ní Múṣin

Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ sé Èkó mọ́lé ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, 2020, nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Múṣin ló há mọ́ yàrá kan ṣoṣo. Síbẹ̀, wọ́n gbé ọpọ́n ayò jáde. Bàbá tí ọmọ máa ń sùn kí ó tó dé wá ráyè pa àlọ́. Ojú ọpọ́n 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, ó di 48: ẹ̀yin olùkọ́, ìṣirò nìyẹn nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì! Ṣùgbọ́n kí aláṣẹ kankan má ṣe ka ẹ̀rín wọn sí ìtẹ́lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ òòjọ́ ni kò rí nǹkan gbé kaná kí wọ́n tó dẹ òfin náà ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, kí oúnjẹ ṣáájú òfin dé ojúlé.