Pẹ́dààlì Wàá-Wàá Olówó Pọ́ọ́kú: Ṣé Kí Oníjìtá Rà Á, Àbí Kó Fi Owó Rẹ̀ Sápò?

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òwe yìí làwọn tó ń ta èlò orin máa ń kọ́kọ́ pa fún ọmọ oníjìtá tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan. Òótọ́ lòwe náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyàwó ilé ló mọ̀ pé owó ńlá ti wọnú ọbẹ̀ rí, kí iyọ̀ sì bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ pẹ́dààlì tí wọ́n ń pè ní wàá-wàá rí. Èyí tó wọ́n wà, èyí tó pọ́ọ́kú wà, kì í sì í ṣe iye owó nìkan ló ń sọ èyí tó dáa.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àpótí pẹlẹbẹ kan ni, tó dàbí ibi tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí mọ́tò tó sáré. Oníjìtá á ki waya jìtá bọ̀ ọ́ lápá kan, waya tó lọ sínú áńpù á jáde lápá kejì. Bó bá ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, jìtá á máa ké “wàá, wàá” bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ̀kan tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ní Cry Baby, ìyẹn ọmọ ẹlẹ́kún.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lẹ́yìn ọ̀gá olórin, owó tí ì bá fi san owó ilé ló ń kó lọ ra èlò. Bí pẹ́dààlì bá wá dákú lójú agbo, nígbà tí olóde ń ná owó mọ́ ọ̀gá lórí lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa bú ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Oníjìtá ni wọ́n á bú. Ó sì lè jẹ́ pé lóde tó ń bọ̀, ẹlòmíì ni wọ́n á pè.

IBI TÓ TI WÁ

Àwọn tó bá ń fojú tín-ín-rín ohun olówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe bí wàá-wàá. Lọ́dún 1966, ilé-iṣẹ́ kan wà ní California ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Thomas Organ Company. Àwọn ló ń ta áńpù Vox níbẹ̀. Súwìṣì kan wà lára áńpù náà tí wọ́n fi ń yí ohùn àárín padà, owó tó sì ń ná wọn pọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ẹnjiníà wọn wá ohun tó dínwó fi rọ́pò rẹ̀. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Brad Plunkett wá fi ohun tí à ń yí bíi fọ́lúùmù rédíò síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yí i nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ni wọ́n bá gbé e sínú pẹ́dààlì fọ́lúùmù dùùrù Vox kí ẹsẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ náà.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, orúkọ afunfèrè kan, Clyde McCoy, ni wọ́n kọ sí i lára, nítorí òun náà máa ń dí ẹnu fèrè rẹ̀ tó fi ń sunkún. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn oníjìtá gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Jimi Hendrix lò ó lọ́dún 1968 nínú “Voodoo Child (Slight Return)”. Lọ́dún 1971, Charles Pitts lò ó nínú orin “Shaft” tí Isaac Hayes ṣe, ìyẹn náà sì di ohun tí gbogbo ayé ń kọ́.

Ẹ ò rí nǹkan? Ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ owó ná gan-an ni wàá-wàá ti wá. Ẹni tó bá ní olówó pọ́ọ́kú ò lè dáa, ó ti gbàgbé bàbá tó bí ohun tó ń tà.

OHUN TÓ Ń ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ra ohun tí wọn ò fẹ́. Wọ́n ti gbọ́ pé pẹ́dààlì náà máa ń mú jìtá sọ̀rọ̀, ọkàn wọn sì ti lọ sọ́dọ̀ gángan. Rárá o. Bí onígángan bá fi abíyá fún okùn awọ ìlù rẹ̀ pọ̀, ohùn á lọ sókè. Bó bá tú u sílẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Dò, re, mí nìyẹn, òun la fi ń gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Wàá-wàá kì í gbé ohùn sókè, kì í sì í rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹ má sì fi we pẹ́dààlì tó wà lábẹ́ jìtá onírin tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ta fún King Sunny Adé nínú àwo “Juju Music” lọ́dún 1982. Ìyẹn máa ń fa okùn jìtá fúnra rẹ̀ le, tàbí kó dẹ̀ ẹ́, ohùn á sì yí. Nǹkan ọ̀tọ̀ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ wàá-wàá, kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, kó máa pariwo “aaa” lóhùn kan ṣoṣo, kó wá máa ṣí ọwọ́, kó máa pa á dé. Ọmọdé máa ń fi ṣeré. Ohùn ò yí, ẹnu ló ń ṣí tó ń pa dé: “u” ló ń di “a”. Bí gìgísẹ̀ bá wọlẹ̀, ẹnu jìtá pa dé. Bí iwájú ẹsẹ̀ bá wọlẹ̀, ẹnu là gbàgà. Gángan ń fún wa ní àmì ohùn, wàá-wàá ń fún wa ní fáwẹ̀lì. Ẹni tó bá fẹ́ kí jìtá òun ki oríkì bíi gángan, ìka ọwọ́ rẹ̀ ni kó lọ kọ́, kò sí pẹ́dààlì tó máa bá a ṣe é.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ pẹ́dààlì wàá-wàá, láti nǹkan bíi 400 Hz sí bíi 2,000 Hz ni ohùn tó ń gbé jáde máa ń rìn. Àárín ibẹ̀ gan-an ni ohùn akọrin wà. Oníjìtá tó bá ń tẹ wàá-wàá nígbà tí ọ̀gá ń ki olóde, ńṣe ló ń bá ọ̀gá du ẹnu. Kó dúró kí ọ̀gá dákẹ́ ná.

ÈYÍ TÍ WỌ́N FI Ń DÍWỌ̀N

Lára àwọn tó wà lọ́jà, Cry Baby GCB95 ti ilé-iṣẹ́ Dunlop ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń díwọ̀n àwọn yòókù. Irin ni ara rẹ̀, kò ní kọ́bù kankan tí à ń yí, kò sì ní iná tó ń tàn láti sọ pé ó ti ṣiṣẹ́. Etí ni oníjìtá á fi mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 100 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó bá sọ ọ́ di náírà á rí i pé owó gidi ni.

Àwọn tó pọ́ọ́kú jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀. Òmíràn ò tó ìdajì owó yẹn. Àwọn kan jẹ́ oníke. Àwọn kan kéré bíi bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ àgbàlagbà ò sì ní ráyè rìn dáadáa lórí wọn. Àwọn kan kó kọ́bù mẹ́ta mẹ́rin sára tí GCB95 ò ní. Kọ́bù púpọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ohùn dáa. Orúkọ ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí náà kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ẹni tó lè ṣe ayédèrú pẹ́dààlì, ṣé orúkọ ló máa wá ṣòro fún un láti tẹ̀?

ÀYẸ̀WÒ LÓJÚ ỌLỌ́JÀ

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ tòkunbọ̀, ìbáà jẹ́ ní Alábà ní Ọ̀jọ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kí oníjìtá gbé jìtá àti waya méjì tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé níbẹ̀ ò ṣàjèjì:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dán an wò.”

“Kí lo tún fẹ́ dán wò níbẹ̀, àbúrò? Ojúlówó ni. Inú páálí ló ti jáde.”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo gbé jìtá mi wá.”

Ọlọ́jà tó bá gbà, ẹ bá a nájà. Èyí tó bá kọ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Àkọ́kọ́: kí oníjìtá ki jìtá bọ inú áńpù tààrà, kó ta á. Lẹ́yìn náà, kó fi pẹ́dààlì sáàárín láìtíì tan án, kó tún ta á. Bí ohùn bá ti ṣókùnkùn, tí dídán rẹ̀ ti lọ, pẹ́dààlì náà ń jẹ ohùn jìtá láìṣiṣẹ́ kankan. Èyí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti pẹ́, àní àwọn olórúkọ ńlá pàápàá. Bó bá kéré, a lè fara mọ́ ọn. Bó bá pọ̀, gbogbo òde ló máa bà jẹ́, nítorí orin tí a ò lo wàá-wàá sí pọ̀ ju èyí tí a lò ó sí lọ.

Èkejì: kó tan án, kó rọra tẹ̀ ẹ́ láti gìgísẹ̀ dé iwájú ẹsẹ̀. Kí ohùn máa ṣí díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí kò bá ṣe nǹkan kan títí tó fi kù díẹ̀ kó tán, tó wá fò lójijì, kò dáa. Bó bá ń ha “kirr, kirr” bíi fọ́lúùmù rédíò àtijọ́, ẹ mọ̀ pé fọ́lúùmù inú rẹ̀ ti dọ̀tí tàbí ó ti jẹ.

Ẹ̀kẹta: kó gbé e dúró ní àárín, kó yọ ẹsẹ̀ kúrò. Ó yẹ kó dúró síbẹ̀, àyàfi èyí tí wọ́n fi sípíríìnì sí tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń padà fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó jẹ́ onírin, nọ́ọ̀tì kan wà tí a lè fi mú un le tàbí dẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹrin: súwìṣì. Abẹ́ iwájú ẹsẹ̀ ló máa ń wà, a ó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ kó tó dún “kàn”. Kó tan án, kó pa á, nígbà mẹ́wàá. Bó bá ní láti gun orí rẹ̀ kó tó gbà, tàbí tó ń yìnbọn nínú áńpù nígbàkígbà tó bá tẹ̀ ẹ́, kó fi sílẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: kó gbé ohùn áńpù sókè dáadáa, kó dákẹ́, kó fetí sílẹ̀. Ariwo díẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n pẹ́dààlì míì wà tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ rédíò ló máa ń gbé wọlé. Ẹni tó wá gbọ́ jùjú ò fẹ́ gbọ́ ìròyìn.

BÁTÌRÌ ÀTI ÌTỌ́JÚ

Bátìrì kékeré onígun mẹ́rin, fóòtì 9, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Iná tó ń mu kéré, bátìrì náà sì lè pẹ́. Ohun tó ń pa á ni pé waya jìtá tí a kì bọ̀ ọ́ ló ń ṣí iná sí i. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ tí kò yọ waya, bátìrì ń jó lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo ádápítọ̀, kó wo ara pẹ́dààlì dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ pẹ́dààlì jìtá, àárín ẹnu ádápítọ̀ ló jẹ́ ayọ, ẹ̀gbẹ́ ló jẹ́ àròpọ̀. Ádápítọ̀ rédíò lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀.

Fọ́lúùmù inú rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí òun ni ẹsẹ̀ ń yí látàárọ̀ dalẹ́. Níbi tí ìyàtọ̀ olówó pọ́ọ́kú rere àti èyí tí kò nílàárí wà gan-an nìyí. Bí fọ́lúùmù náà bá jẹ́ irú tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi waya jó, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò lè fín oògùn sí i tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ bí gbogbo inú rẹ̀ bá jẹ́ bọ́ọ̀dù wínníwínní tí wọ́n lẹ̀ pa, ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ni ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Nítorí náà, kí oníjìtá bi ọlọ́jà pé ṣé ó lè tú ìdí rẹ̀ wò. Èyí tó ṣeé tún ṣe ló pọ́ọ́kú jù, bí wọ́n tiẹ̀ gbowó díẹ̀ lé e.

TA LÓ YẸ KÓ RÀ Á?

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́: kó ra olówó pọ́ọ́kú tó bá yege nínú àyẹ̀wò márààrún yìí, oníke ni o, onírin ni o. Inú ilé ló máa lò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì kọ́ bí a ti ń rìn pẹ̀lú ìlù. Kó má ṣe yá owó ra èyí tó wọ́n.

Ẹni tó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú: olówó pọ́ọ́kú tó òun náà, bí súwìṣì rẹ̀ bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí kò sì jẹ ohùn jìtá.

Ẹni tó ń fi jìtá jẹun: kó yẹra fún oníke. Lóde àríyá, ẹsẹ̀ pọ̀, bíà ń dà sílẹ̀, àwọn tó ń gbéra jó ò sì mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Onírin tó ṣeé tún ṣe ni kó wá, bó tiẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀.

Ẹni tó ń ta jìtá béèsì: kó má ra ti jìtá lásán. Ó máa ń gbé ìsàlẹ̀ ohùn lọ, béèsì tí kò ní ìsàlẹ̀ kì í sì í ṣe béèsì mọ́. Tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì já gaara, tó rò pé wàá-wàá á bá òun bò ó mọ́lẹ̀, kó fi owó náà ra okùn jìtá tuntun. Pẹ́dààlì yìí kàn ń la ẹnu fún jìtá ni. Bí ẹnu bá là tí kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo agbo ló máa rí i.

Ẹ̀yin oníjìtá tí ẹ ti lo olówó pọ́ọ́kú rí, yálà ó sìn yín dáadáa tàbí ó já yín kulẹ̀ lójú agbo, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ẹlòmíì lè fi ṣọ́ owó rẹ̀.