Àṣàyàn àti Àfilélẹ̀: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ètò Atẹ̀rọjí

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ọ̀rọ̀-ìperí èdè Yorùbá. Láti ọdún 1970 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní Ifẹ̀, títí di ìgbà tí ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n orí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé ti 1984 dá lé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àfibọ̀ lónìí kò rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà àfibọ̀ ni kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n fi bọ inú ẹ̀rọ mìíràn, bí ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn. Olùkọ́ gírámà tí ó ti ń kọ́ni ní gbólóhùn oníbọ̀ yóò mọ ohun tí ó dúró fún. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wà ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ètò àkóso rẹ̀, bí àpẹẹrẹ Linux, kò lè dá jí. Ètò kékeré kan ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ó pèsè àká-ìrántí sílẹ̀, kí ó gbé ètò àkóso sínú rẹ̀, kí ó sì fa àṣẹ lé e lọ́wọ́. Ara okùn bàtà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fa orúkọ ètò kékeré yìí yọ: wọ́n ní ènìyàn fi okùn bàtà ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè. Olùtumọ̀ tí ó bá kó bàtà wọ inú Yorùbá kàn ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú ni. Ajíkọ̀ǹpútà náà kò sunwọ̀n, nítorí olè ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tí ó bá gbọ́ ọ. Ìró kan náà ni jí ti oorun àti jí ti olè. Atẹ̀rọjí, láti inú ta ẹ̀rọ jí, ni ó sàn jù, nítorí ta kò jẹ́ kí èdè-àìyedè wáyé.

Orúkọ ètò náà gan-an kọ́ ni ìṣòro tí ó tóbi jù. Bí wọ́n ti ń pinnu ohun tí atẹ̀rọjí yóò lè ṣe kí wọ́n tó gbé e sínú ẹ̀rọ ni olùtumọ̀ ti ń ṣìnà. Àpẹẹrẹ tí ó dára ni U-Boot, tí Wolfgang Denk ará Jámánì ṣe aṣáájú rẹ̀. PPCBoot ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó di U-Boot ní 2002, orúkọ tí wọ́n fi ọkọ̀ ogun abẹ́ omi àwọn ará Jámánì dápàárá. Nínú ètò yìí, ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú CONFIG_ pọ̀ bí eṣú, àwọn olùtumọ̀ sì fẹ́ràn láti pe gbogbo wọn ní àṣàyàn.

Àṣìṣe gbáà nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí ìwé atọ́nà U-Boot fúnra rẹ̀ ti pín wọn sí méjì: àwọn tí aṣàmúlò lè yàn bí ó bá ti wù ú, àti àwọn tí wọ́n ń jẹ́ CONFIG_SYS_, tí wọ́n bá ohun-èlò ẹ̀rọ mu, tí ẹni tí kò mọ̀dí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bí ètò yóò bá ní àṣẹ tí ó ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé fáìlì, àṣàyàn ni. Àdírẹ́sì tí àká-ìrántí ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àṣàyàn. Bí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ ni ó ti wà. Àfilélẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá sọ fún pé àṣàyàn ni yóò gbà pé òun lè yan òmíràn, pátákó rẹ̀ yóò sì dákẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan jáde. Tí ó bá ti fi èyí tí kò dára rọ́pò èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó di dandan kí ó wá ọ̀nà mìíràn wọ inú ẹ̀rọ náà.

Àṣàyàn gan-an kò dá dúró. Láti ẹ̀dà ti oṣù kẹwàá ọdún 2014 ni U-Boot ti bẹ̀rẹ̀ sí lo Kconfig, ìlànà tí wọ́n yá lọ́wọ́ Linux, tí ó ń kọ ìbátan àárín àwọn àṣàyàn sílẹ̀. Mẹ́ta nínú ìbátan wọ̀nyí nílò orúkọ. Bí àṣàyàn kan kò bá lè wáyé láìsí òmíràn, àgbáralé nìyẹn. Bí yíyan ọ̀kan bá mú òmíràn wọlé tipátipá, ìfàwọlé ni. Ó sì yẹ kí olùkọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ létí pé ìfàwọlé kì í bìkítà fún àgbáralé ohun tí ó fà. Ẹ̀kẹta rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń mú òmíràn wọlé, ṣùgbọ́n aṣàmúlò ṣì lè yọ ọ́ kúrò. Ìdábàá ni ó bá a mu. Iye tí ó wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yan nǹkan ni iye àtilẹ̀wá.

Ìdádúró tún jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí wọ́n yẹra fún. CONFIG_BOOTDELAY ń sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí atẹ̀rọjí yóò fi dúró de ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ bọ́tìnnì kí ó sì dá a lẹ́kun. 2 ni iye àtilẹ̀wá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 0, kò ní dúró, ṣùgbọ́n yóò ṣì wò ó bóyá ẹnìkan ti tẹ bọ́tìnnì. Bí ó bá jẹ́ -2, kò ní dúró, kò sì ní wò rárá. Bí ó bá jẹ́ -1, kò ní gbé ètò àkóso fúnra rẹ̀ láé. Ìdádúró lè túmọ̀ sí pípẹ́, ó sì lè túmọ̀ sí dídá nǹkan lẹ́kun. Ẹni tí ó bá kà á kò ní mọ èyí tí -1 mú kúrò nínú méjèèjì. Ìdúródè kò ní irú àléébù yìí.

Ní ti sísọ àwọn fáìlì wọ̀nyí di ètò kan ṣoṣo, kíkọ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bí òǹtẹ̀wé bá gbàgbé àmì ohùn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá kíkọ ètò ni wọ́n ń sọ. Ìmọpọ̀, láti inú mọ pọ̀, ni ó yẹ kí ó rọ́pò rẹ̀. Amọ̀kòkò ń fi ọwọ́ yí ìkòkò padà nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Lẹ́yìn tí iná bá ti kàn án, àfi kí ó mọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àṣàyàn ìgbà ìmọpọ̀ rí: ẹni tí ó bá yí i padà gbọ́dọ̀ tún ètò náà mọ pọ̀.

Àwọn kan yóò ní àyálò ti tó. Òótọ́ ni pé CONFIG_BOOTDELAY gbọ́dọ̀ wà bí ó ti wà, nítorí ẹ̀rọ ni ó ń kà á. Àlàyé tí ènìyàn yóò kà ni ó nílò Yorùbá. Ìṣòro kan sì ṣẹ́kù fún àwọn olùṣètò àkójọ-ọ̀rọ̀. Lórí pátákó púpọ̀, ìpele méjì ni atẹ̀rọjí: èyí kékeré tí ó kọ́kọ́ wọlé, àti èyí ńlá tí ó gbé wọlé. Ọ̀pọ̀ àṣàyàn ni ó ní orúkọ méjì nítorí èyí, ọ̀kan pẹ̀lú CONFIG_, èkejì pẹ̀lú CONFIG_SPL_. Bí àkójọ náà bá fún méjèèjì ní orúkọ Yorùbá kan ṣoṣo, láìfi ìpele kìíní tàbí ìpele kejì kún un, akẹ́kọ̀ọ́ yóò tan èyí tí ó yẹ ní ìpele ńlá, yóò sì máa wá a ní ìpele kékeré.