Igi Tí A Gbìn Ní Oṣù Kẹfà, Ta Ló Ń Bomi Rin Ín?

 

L'ọ́dọọdún, ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Láti ọdún 1985 la ti ń ṣe é. Àwọn olórí á wá, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á ti igi bọ̀ ọ́, wọ́n á ya fọ́tò, àwa á pàtẹ́wọ́, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ padà lọ wo ibẹ̀. Ewúrẹ́ ti jẹ ewé rẹ̀, iná ìgbẹ́ ti jó ìdí rẹ̀, igi mélòó ló kù? L'ọ́dún tó ń bọ̀, ihò yẹn kan náà la tún máa gbẹ́.

Àwọn ará wa Kátólíìkì náà ti ní ọjọ́ tiwọn. L'ọ́dún 2015 ni Póòpù Francis kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní Laudato Si'. Ọdún yẹn náà ló fi ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ṣe ọjọ́ àdúrà fún ìtọ́jú ohun tí Ọlọ́run dá. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, ọjọ́ Fransísì Mímọ́ ti Assisi, wọ́n á máa gbàdúrà, wọ́n á máa wàásù lórí ilẹ̀, lórí omi àti igi.

Nínú ẹgbẹ́ wa, Kátólíìkì wà, Mùsùlùmí wà, Mẹ́tọ́díìsì wà, Sẹ̀lẹ́ wà, oníṣẹ̀ṣe náà wà. Kì í ṣe pé a fẹ́ kọ́ fádà ní iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ti ìjọ kan. Tí ìjọ tó ní èèyàn púpọ̀ tó báyìí láàárín wa bá sọ pé òun fẹ́ tọ́jú ilẹ̀, ó tọ́ kí àwa ará ìlú bá a sọ òótọ́: igi gbígbìn nìkan kò tó. Ẹni tó ń tọ́jú igi, tí kò tọ́jú ẹni tó ń jẹun lára igi, asán ló ń ṣe.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń dárúkọ ìwé Póòpù yìí tí wọn kò kà á. Ìwé náà sọ pé ilé kan ṣoṣo ni ayé yìí, gbogbo wa la jọ ń gbé inú rẹ̀. Ó ní kí a gbọ́ igbe ilẹ̀, kí a gbọ́ igbe tálákà pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún mú ọ̀rọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Paraguay wá, pé àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ní ilẹ̀ tó tó tí yóò fi kọ́lé, tí yóò fi dáko bọ́ ìdílé rẹ̀. Kí ìwé yẹn tó jáde pàápàá, Póòpù Benedict XVI wá sí ilẹ̀ wa níbí. Ní Ouidah, ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2011, ló fọwọ́ sí ìwé Africae Munus, tó sọ̀rọ̀ sí àwọn tó ń kó ọrọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lọ, tí wọ́n ń ba ilẹ̀ àti omi rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òdòdó àti ẹyẹ ni, kò kà á dé ìdajì. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo ni.

Ní ilẹ̀ tiwa, inú àpò èédú ni igbe méjèèjì ti pàdé. Ẹni tó bá gba títì Kútọnu lọ sí Párákù, tó bá ti kọjá Ìdáàṣà tó ń wọ Ṣábẹ̀, á rí àpò èédú létí ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n tò ó bí ẹni tẹ́ ọjà. Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ló ń lọ. Nínú òkìtì oníyẹ̀pẹ̀ tí à ń lò, ó ń gba igi kìlò 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó rí èédú kìlò 1. Igi ayín ń lọ, ayan ń lọ, apá ń lọ. Igi òrí náà ń lọ, èyí tó ń gba ọdún 15 sí 20 kí ó tó so. Ayùn ẹlẹ́rọ ò lo ìdajì wákàtí lórí rẹ̀.

Ta ló ń sun èédú yìí? Lọ́pọ̀ ìgbà, opó ni, tí wọn ò fún ní ilẹ̀ nílé ọkọ. Tàbí ọ̀dọ́ ni, tí baba rẹ̀ ti ta oko kí òun tó dàgbà. Tí òfin bá dé, ọ̀dọ̀ wọn ló kọ́kọ́ ń dé. Ẹni tó ni ọkọ̀, ẹni tó ń ra igba àpò lẹ́ẹ̀kan náà, òun kì í sí nítòsí. Àwa tí à ń gbé ìlú ńlá, tí èédú Ṣábẹ̀ la fi ń se ọbẹ̀, àwa náà kì í sí nítòsí.

Ẹ wá wo ìyá yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Fádà gun orí pẹpẹ, ó ní ẹ má gé igi mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ìyá yìí tẹ orí ba, ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa lé ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé tí kò bá sanwó. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Tí ìwàásù bá parí tí kò sí ẹni tó bi í pé, Ìyá, kí la lè ṣe kí ẹ má baà gé igi mọ́, oko ló máa padà sí.

Bíbélì sọ ìtàn Nábótì. Ọba Áhábù fẹ́ ra ọgbà àjàrà rẹ̀, ó fẹ́ sọ ọ́ di oko ẹ̀fọ́. Nábótì kọ̀, ó ní ogún baba òun ni. Wọ́n wá ẹlẹ́rìí èké, wọ́n pa á, wọ́n gba ilẹ̀ náà. Lágbègbè wa lónìí, Áhábù kì í ṣe ọba mọ́. Inú mọ́tò ló ń jókòó, owó ló ń kó dání, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àgbà. Nábótì náà kì í kọ̀ mọ́. Ó ń tẹ̀ka sí ìwé tí kò lè kà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, owó ti tán, àwọn ọmọ ò ní oko, inú igbó ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń wá igi tí wọ́n máa sun. Bí ilẹ̀ ṣe ń tà ni igi ń jó. Ọ̀nà kan náà ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin wà. Òfin ilẹ̀ tó jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2013 fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tó jogún ilẹ̀ láti gba ìwé ẹ̀rí sí i. Ó ní kí ìjọba rí i pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba nínú níní ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ju ẹ́kítà 2 lọ ní ìgbèríko, òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe àti ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni gbogbo rẹ̀ wà. Òfin tí ìyá wa ò lè kà, bí ẹni pé kò sí ni.

Àwọn kan á ní, ọ̀rọ̀ òṣèlú nìyẹn, kí ìjọ má dá sí i. A ní ẹ jẹ́ ká rántí. Ní oṣù kejì ọdún 1990, nígbà tí ilẹ̀ wa fẹ́ fọ́, tí wọ́n pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ní Kútọnu, ta ló jókòó sí àga alága? Bíṣọ́ọ̀bù ni, Isidore de Souza. Ìjọ Kátólíìkì ò sọ nígbà náà pé òun kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Nínú òfin ńlá tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ẹsẹ 27 sọ pé gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó mọ́, tó sì dára, àti pé gbogbo wa ló gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Ẹ̀tọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù kan bá wa ṣílẹ̀kùn fún nìyẹn. Kí ló dé tí àwọn pàríìṣì ò ní bá wa wọlé?

Ọmọ wa náà wà nínú ìtàn yìí. Fádà Thomas Moulero, ọmọ Kétu, ni ọmọ Dahomey àkọ́kọ́ tó di àlùfáà Kátólíìkì, l'ọ́dún 1928. Kò torí ẹ̀sìn ta ìlú rẹ̀ nù. Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó gbọ́ ìtàn Kétu àti ti Ṣábẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn Ọlọ́run lè fẹ́ràn ilẹ̀ baba rẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀.

Tí ẹnì kan bá sì ń béèrè àpẹẹrẹ iṣẹ́, kó gba Ouando lọ ní Àjàṣẹ́. Ibẹ̀ ni Fádà Godfrey Nzamujo, ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ Songhaï l'ọ́dún 1985, lórí ẹ́kítà ilẹ̀ kan ṣoṣo. Wọn ò da nǹkan nù níbẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná, ìdọ̀tí di oúnjẹ ẹja, ẹ̀tù ilẹ̀ ni ìyókù. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń kọ́ iṣẹ́ oko níbẹ̀, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Kò kàn sọ fún tálákà pé má ṣe èyí. Ó fi ohun tó lè ṣe hàn án.

Ẹ gbà wá láàyè ká sọ ọ̀kan tó le díẹ̀. Igbó tó kù nílùú wa lónìí, tí ẹ bá wò ó dáadáa, igbó àwọn oníṣẹ̀ṣe ló pọ̀ jù níbẹ̀, igbó orò, igbó ìṣẹ̀ǹbáyé. Nígbà tí ìgbàgbọ́ tuntun dé, wọ́n kọ́ àwọn baba wa pé ilé èṣù ni igbó yẹn. Ẹ̀rù igbó kúrò lára wọn, àdá sì wọ ọwọ́ wọn. Àwa Mùsùlùmí àti Mẹ́tọ́díìsì náà ò lè sọ pé ọwọ́ wa mọ́. L'ọ́dún 2012 ìjọba ṣe àṣẹ kan tó jẹ́ kí ìlú lè fi ìwé dáàbò bo irú igbó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí fádà wá bọ orò. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, tí àwọn àgbà bá gbé ìwé igbó wọn lọ sí kọmíìnì, kí àwọn ará Kátólíìkì tó wà nínú ìgbìmọ̀ bá wọn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹyẹ tó wà nínú igbó yẹn, Ọlọ́run tí wọ́n ń sìn náà ló dá a.

Ohun mẹ́rin la wá ń béèrè lọ́wọ́ àwọn pàríìṣì wa, a sì ṣe tán láti bá wọn ṣe é.

Èkíní, ẹ má fi oṣù kẹsàn-án gbin igi. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò fẹ́ parí nígbà yẹn, ọyẹ́ ló máa jogún rẹ̀. Ẹ gbìn ín ní oṣù kẹfà pẹ̀lú gbogbo ìlú. Tó bá di ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, ẹ kó àwọn ọmọ katikísìmù padà lọ síbẹ̀, kí wọ́n ro ìdí rẹ̀, kí wọ́n ka iye tó yè, kí ẹ sì kà á jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iye tó yè ni kí a máa kà, kì í ṣe iye tí a gbìn.

Èkejì, kí pàríìṣì tó bá ní ilẹ̀ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin tó ń sun èédú, kí wọ́n gbin akásíà tó ń yára dàgbà, tí wọ́n lè máa gé tí wọ́n á tún máa gbìn. Igi òrí á sinmi.

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ìsìn, kí tábìlì kan wà níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ti lè wá, kí a kà á fún un ní Yorùbá kí ó tó tẹ̀ka. Ẹgbẹ́ wa á kó àwọn tó gbọ́ Faransé wá. Kò sí pé ẹlẹ́sìn wo ni, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀kẹrin, Ìdáàṣà. Ní oṣù kẹjọ, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń wá sí ihò Ìyá Màríà ní Arigbo. Òfin tó ka ọ̀rá léèwọ̀ ti wà láti oṣù kejìlá ọdún 2017. Ẹ jẹ́ kí Arigbo jẹ́ ibi tí òfin yẹn ti kọ́kọ́ ṣẹ, kí òkè náà mọ́ lọ́jọ́ kejì bó ṣe mọ́ kí àwọn èèyàn tó dé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìjọ nìkan la ń bá wí. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, àwọn kan wà tó ta ilẹ̀ ìdílé láìsọ fún àwọn àbúrò wọn obìnrin. Àwọn kan ti jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìwé tí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó tẹ̀ka sí i ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n mọ ara wọn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Tí a bá fẹ́ kí àwọn fádà gbọ́ wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ilé tiwa ṣe.

L'ọ́jọ́ igi tó ń bọ̀, ẹ má wulẹ̀ wá fún fọ́tò. Ẹ mú garawa omi kan dání, kí ẹ sì bi ìyá eléédú tó jókòó létí ọ̀nà pé, Ìyá, ta ló gba oko yín?

Ire o.