Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì fún Onígbàgbọ́ Etí Òkun Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ará wa ní Ayétòrò, ní Àwòyè àti gbogbo ìletò tó kọjú sí òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sùn mọ́ nínú ilé tó sún mọ́ omi jù lọ lásìkò òjò yìí. Ìgbì tó ń gbé ilé lọ lóru kì í kan ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni wọ́n ti ṣí ilé sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí omi sì tún ń bá wọn níbẹ̀.

Mo mọ èsì tí a máa ń fọ̀: Ọlọ́run tó kó wa dé ibí yóò ṣọ́ wa. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí irú ènìyàn tí Ó kó dé ibí. Ní 1947, àwọn tó ya kúrò nínú ìjọ Séráfù, tí wọ́n pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́, tẹ Ayétòrò dó sórí ẹrẹ̀. Wọ́n ka ìtàn ìjọ àkọ́kọ́ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, wọ́n sì mú un lò bí wọ́n ṣe kà á gan-an. Owó ẹja àti owó iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wọ inú àpò kan, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń wọṣọ. Wọ́n gbẹ́ ojú omi tí ọkọ̀ ń gbà, wọ́n kan ọkọ̀ fúnra wọn. Ní 1953, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lókè ṣì ń tan fìtílà. Bí wọ́n bá dìde lórí eékún, ṣọ́bìrì ni wọ́n ń mú. Irú ìgbàgbọ́ yẹn ni mo ń bẹ̀ yín fún.

Ẹ kó arúgbó, aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ sẹ́yìn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ di ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọmọ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sínú ọ̀rá, kí ó wà nítòsí ọwọ́. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróò kúrò ní ẹ̀bá ààrò. Tí ẹ bá ń sá wọ ọkọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kún jù. Ọmọdé ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì fún. Ẹ̀yin alágbà ìjọ, ẹ yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ òkun lóru, kí ó lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì bí omi bá ti ń yí padà.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí, nítorí ó ń dùn mí: ẹ yé sọ fún ẹni tí ilé rẹ̀ wó pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Òkun ń ga sí i káàkiri ayé nítorí ooru tó ń pọ̀. Ojú omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì ní agbègbè wa ti fa omi iyọ̀ wọ inú igbó. Odi tí yóò dá òkun dúró, ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń gbọ́ ìlérí rẹ̀. Èwo ni ti ìyá arúgbó tó ń yan ẹja nínú gbogbo ìyẹn?

Ẹ̀yin ìjọ tó wà ní Igbókòdá, ẹ ṣí ṣọ́ọ̀ṣì yín sílẹ̀. Àga tí a ń jókòó lé lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ lè sùn lé e lóru Mọ́ńdè. Ẹ̀yin onílé, ẹ má ṣe fi owó kún owó ilé nítorí pé omi ló ń lé àwọn ará etí òkun bọ̀. Ìrẹsì àti ẹní tí ẹ bá rí gbà, ẹ má ṣe pín in fún ìdílé kan tàbí ìjọ kan ṣoṣo.

Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn ní aago méjì òru, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó há ẹní sábẹ́ apá, ẹ má bi í ibi tó ti ń jọ́sìn. Ẹ gbé fìtílà jáde, kí ẹ sì gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.